Ẹ̀yin tí wọ́n jẹ lówó, ẹ ka ọjọ́ yín

Ẹ̀yin ará Iléṣà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń tajà àwìn lọ́jà Átakúmọ́sà, gbèsè máa ń kú nílé ẹjọ́ o, bí ẹ bá pẹ́ jù kí ẹ tó pẹjọ́. Ọdún 6 ni òfin sábà máa ń fún ẹni tó fẹ́ pẹjọ́ lórí àdéhùn. Ọjọ́ tí onígbèsè yẹ àdéhùn ni wọ́n ti ń kà á, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ tọwọ́ bọ̀wé. "Ẹ ṣe sùúrù, mo ń bọ̀" kò dá ọjọ́ dúró; ibẹ̀ gan-an ló ti ń bọ́ mọ́ ọ̀pọ̀ lọ́wọ́. Kí ọdún 6 náà tó pé, ẹ jẹ́ kí onígbèsè san díẹ̀ lára rẹ̀ gba báǹkì, ì báà ṣe ₦2,000, tàbí kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun ṣì jẹ yín, kó sì buwọ́ lù ú. Ọjọ́ yẹn ni kíkà á tún bẹ̀rẹ̀. Àgọ́ ọlọ́pàá ńkọ́? Òfin Ọlọ́pàá ọdún 2020 ò gbà kí wọ́n mú ènìyàn torí pé ó yẹ àdéhùn lásán.