Gálọ́ọ̀nù glycerin tó jẹ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta mọ́ mi lọ́wọ́

₦18,000 ni mo fi ra gálọ́ọ̀nù glycerin kan lọ́jà níbí ní Abuja. Ti láàbù lówó ju bẹ́ẹ̀ lọ, mo sì rò pé mo ti rí i he. Títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, inú ṣì ń bí mi.

Ìwúkàrà ni mò ń ṣiṣẹ́ lé lórí. Jíìnì rẹ̀ wà níbi méjì: nínú nucleus tó wà láàárín sẹ́ẹ̀lì, àti nínú mitochondria tó ń pèsè agbára fún sẹ́ẹ̀lì. Purotéènì bí 1,000 ló ń ṣiṣẹ́ nínú mitochondria yìí, ṣùgbọ́n 8 péré ni òun fúnra rẹ̀ ní jíìnì fún; ọ̀dọ̀ nucleus ni ìyókù ti ń wá. Bí mitochondria bá bàjẹ́, ìwúkàrà ṣì máa ń jẹ ṣúgà, á kàn rán ni. Onímọ̀ jíìnì Boris Ephrussi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ nípa irú ìwúkàrà tí kì í tóbi yìí ní ilẹ̀ Faransé ní 1949. Lórí glycerin tí kò ní ṣúgà, irú ìwúkàrà bẹ́ẹ̀ kò lè hù rárá, torí láìsí mitochondria tó dára, kò lè rí agbára nínú rẹ̀.

Mo po glycerin náà mọ́ agar, ohun tó ń dì bíi jẹ́lì tí a ń gbin ìwúkàrà sórí rẹ̀. Mo mú ìwúkàrà 12 tó lábùkù, kí n lè mọ ibi tí àbùkù wọn wà, mo so ọ̀kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ rho-zero, ìyẹn ìwúkàrà tí kò ní jíìnì mitochondria kankan. Bí ọmọ wọn bá hù lórí glycerin, inú nucleus ni àbùkù wà, torí jíìnì nucleus tó pé ti ọ̀dọ̀ rho-zero wá. Bí kò bá hù, ti mitochondria ló bàjẹ́.

Gbogbo méjìlá ló hù, wínníwínní bí orí abẹ́rẹ́. Kò dá mi lójú, mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Wọ́n tún hù. Mo ní iná tó ń lọ lóru ló fà á, mo ra pẹtiróòlù fún jẹnẹrétọ̀ kí ẹ̀rọ tó ń mú ìwúkàrà gbóná má bàa tutù kúrò ní 30°C. Wọ́n tún hù. Mo ní ọwọ́ mi ni kò mọ́, mo fi ọjọ́ méjì fọ nǹkan. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ báyìí, oorun ò kùn mí.

Ẹ̀gbọ́n kan ní láàbù ló bi mí pé, “Àbúrò, ṣé o ti gbin rho-zero nìkan sórí ẹ̀?”

“Rárá, ẹ̀gbọ́n. Mo mọ̀ pé kò lè hù ni.”

“Lọ gbìn ín.”

Ó hù. Ẹ̀gbọ́n bu glycerin náà sínú omi Benedict tí a fi ń wá ṣúgà, ó gbé e sínú omi gbígbóná. Búlúù yẹn di àwọ̀ ewé, ó di yẹ́lò, ó wá pọ́n bí bíríkì. Ṣúgà ni wọ́n là mọ́ ọn.

Mo padà lọ bá màmá tó tà á fún mi. “Ọmọ mi, ara la fi ń pa.” Wọn ò dá owó padà.

Mo ra ti láàbù ní ₦46,000. Mẹ́sàn-án hù, mẹ́ta ò hù, mo sì tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì kó tó dá mi lójú. Inú mi dùn gan-an lọ́jọ́ náà! Ẹ bá mi gbin rho-zero nìkan ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá ṣí ìgò tuntun, kí ẹ tó so ohunkóhun pọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta péré ló máa gbà yín.

Gálọ́ọ̀nù yẹn ṣì wà lábẹ́ tábìlì mi. Mo ti fi báírò pupa kọ “ṣúgà” sí i lára.