Owó tiwa rù kí a tó ná an: ìrírí mi lórí owó ìrànwọ́ àjọṣe òwò láti Yúróòpù

Mílíọ̀nù 15 náírà ni ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ní Ìsánlú, ìpínlẹ̀ Kogí, kọ sílẹ̀ pé a ó mú wá nínú iṣẹ́ tí àwa àti ilé-iṣẹ́ kan láti Yúróòpù jọ dáwọ́ lé: kí a máa pa kóró kajú níbí, dípò kí a máa tà á tèèpo-tèèpo fún àwọn tó ń kó o lọ sí Vietnam àti Íńdíà. Nígbà tí a kọ ọ́, yúrò kan kò ju bí 500 náírà lọ, nítorí náà 30,000 yúrò ni àwọn olùfúnni owó ìrànwọ́ náà kà sí wa lọ́rùn. Ní oṣù kẹfà 2023 ìjọba tú náírà sílẹ̀ fún ọjà. Kí 2024 tó parí, yúrò kan ti kọjá 1,500. Kọ́bọ̀ kan kò yọ nínú owó wa o, àmọ́ nínú ìwé àwọn olùfúnni, kò pé 10,000 yúrò mọ́. Títí di òní, bí mo bá rántí lẹ́tà tí wọ́n fi béèrè pé níbo ni ìyókù wà, inú mi ń ru.

Irú owó yìí kì í dá wá. Ìjọba tó ń fúnni máa ń wo ohun tí oníṣòwò fi sílẹ̀ kó tó fi tirẹ̀ lé e. Nínú ètò develoPPP ti Jámánì, tí BMZ, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí ìdàgbàsókè àwọn orílẹ̀-èdè míì, ń ná owó rẹ̀, tí àwọn àjọ DEG àti GIZ ń bójú tó o, ó kéré tán ìdajì ìnáwó ni ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ gbé. Tìjọba a máa bẹ̀rẹ̀ láti 100,000 yúrò, kì í sì í kọjá mílíọ̀nù 2. Ní ti ètò Finnpartnership ti Finland, ẹ ó kọ́kọ́ fi owó yín ṣe é, ẹ ó kó rìsíìtì lọ, lẹ́yìn náà ni wọ́n á dá ìwọ̀n tó bá tọ́ padà. Ní ìdajì-sí-ìdajì bíi tiwa, 20,000 yúrò tó rù lára tiwa fẹ́ fa iye kan náà yọ lára tiwọn.

N kò ní lo àkókò lórí CAC (ìwé ìforúkọsílẹ̀ ilé-iṣẹ́), nọ́ńbà owó orí àti ìwé ìṣirò owó ọdún 2 tí ọ́dítọ̀ fọwọ́ sí. Ẹni tó ń ṣòwò tó forúkọ sílẹ̀ ti ní wọn. Ìwé ìbéèrè fúnra rẹ̀, ẹnìkejì wa ní Yúróòpù ló kọ ọ́.

Ìbéèrè kan péré ló dá wa dúró: iye ìṣẹ́wó ọjọ́ wo ni a ó fi ka rìsíìtì? Òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ìwé wò ní ti ọjọ́ tí a sanwó ni. Ọ́dítọ̀ ní rárá, ti oṣooṣù ni, irú èyí tí European Commission (àjọ aláṣẹ Ìṣọ̀kan Yúróòpù) ń gbé jáde tí wọ́n ń pè ní InforEuro. Ìwé àdéhùn tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa kò tilẹ̀ mẹ́nu bà á. Ẹ wo ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi le. Ìparí oṣù tó kọjá ni wọ́n ti ń mú iye ti InforEuro, kì í sì í yí padà títí oṣù á fi parí. Rìsíìtì mílíọ̀nù 2 náírà tó jẹ́ ti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà 2023 ṣì ń jẹ́ nǹkan bí 4,000 yúrò, nítorí iye àtijọ́ ló ń lò. Irú rẹ̀ tó jẹ́ ti ọjọ́ 5 oṣù keje kò tó 3,000. Bíríkìlà kan náà, sìmẹ́ǹtì kan náà! Lẹ́tà ń lọ, lẹ́tà ń bọ̀, kò sí ẹni tó fẹ́ fọwọ́ sí i, báǹkì wa náà sì ń lọ́ra láti kọ iye tó ṣẹ́ yúrò fún wa sórí ìwé tó ní òǹtẹ̀.

Ohun tó tú u nìyí. A gba ìwé yẹn lọ́wọ́ báǹkì fún gbogbo yúrò tó wọ àkáǹtì owó òkèèrè wa, ọ̀kọ̀ọ̀kan. A ro gbogbo náírà tí báǹkì fún wa pọ̀, a pín in fún gbogbo yúrò tó wọlé, iye tó jáde la fi ka gbogbo rìsíìtì, èyí tó dára àti èyí tí kò dára. Ẹ̀yìn náà la bẹ̀ wọ́n kí wọ́n tún ètò ìnáwó kọ, kí ìdá tiwa má jẹ́ iye yúrò mọ́, kó jẹ́ iṣẹ́: pèpéle ìsákajú, àtíbàbà ilé ìgbóná, owó oṣù àwọn tó ń bójú tó o. Wọ́n gbà. Mo fi èyí yangàn díẹ̀, nítorí àwọn tó mọ̀wé jù wá lọ ti ní kí a gbà pé ó ti tán.

Àtíbàbà àtijọ́ tí a ní tẹ́lẹ̀ kò wọlé sí ìdá wa o, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀. Ohun tí ẹ bá ná kó tó di ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ àdéhùn, ẹ gbàgbé rẹ̀. Owó oṣù wọlé, bí ẹ bá ní ìwé wákàtí tí òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀.

Ìbọ̀wọ́ tún mú mi bínú. Epo inú èèpo kajú ń bó ọwọ́ bí iná, ààbò òṣìṣẹ́ sì ni ohun àkọ́kọ́ tí àwọn olùfúnni ń béèrè. A ra ìbọ̀wọ́ lọ́jà Kàbà, wọ́n kọ owó rẹ̀ nítorí kò sí rìsíìtì. Ta ló ń kọ rìsíìtì lọ́jà? Láti ìgbà náà la ti tẹ ìwé tiwa: orúkọ olùtà, ìlú rẹ̀, fóònù, ohun tó tà, iye rẹ̀, owó, àti ìtẹ̀ka, pẹ̀lú ẹ̀rí pé owó gba báǹkì kọjá. Ìwé yẹn ni awakọ̀ típà àti bíríkìlà náà ń tẹ̀ka sí. Fún àwọn àgbẹ̀ a fi ọ̀rinrin kún un: bí ọ̀rinrin inú kóró bá ju ìdá 10 nínú 100 lọ, kó padà sórí tapólì títí yóò fi máa dún nínú èèpo bí a bá mì ín.

Bí ẹ bá fẹ́ dá ọjọ́ ìjábọ̀ ìkẹyìn, ẹ má gbà kó bọ́ sí oṣù kejì sí ìkarùn-ún. Àsìkò kajú nìyẹn ní Yàgbà, agbègbè wa, gbogbo owó ọwọ́ yín á ti wọ oko, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ètò kì í tú ìpín tó kẹ́yìn sílẹ̀ títí wọ́n á fi gba ìjábọ̀ yẹn wọlé.