Polarimeter ń ka òdo lórí lactic acid tó wá láti inú omidùn: ẹ̀rọ ló bàjẹ́ ni?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Kòkòrò inú omidùn ni mo yà sọ́tọ̀, mo sì fi glucose bọ́ ọ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó kan gan-an. Mo yọ lactic acid inú rẹ̀, ásíìdì tó ń mú un kan, mo fọ̀ ọ́ mọ́, mo gbé e sínú polarimeter, ẹ̀rọ tó ń wọn bí nǹkan ṣe ń yí ìmọ́lẹ̀, àmọ́ òdo ló ń kà. Ṣé kí n wá ẹ̀rọ mìíràn ni?

Ìdáhùn: Má tíì dá ẹ̀rọ lẹ́bi. Po ṣúgà mọ́ omi, kí o gbé e síbẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá yí sí ọ̀tún, kò sí ohun tó ṣe ẹ̀rọ rẹ.

Wá wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ méjèèjì. Ìka márùn-ún márùn-ún ni, ṣùgbọ́n tẹ́ ọ̀kan lé ìkejì lórí, kí méjèèjì dojú bolẹ̀: àtàǹpàkò wọn kò ní bọ́ sí ibì kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni L àti D lactic acid ṣe rí. Átọ́ọ̀mù wọn kò yàtọ̀, ìdúró wọn ló yàtọ̀. L ń yí ìmọ́lẹ̀ sí ọ̀tún, D ń yí i sí òsì ní ìwọ̀n kan náà. Tí wọ́n bá pé ìdajì-ìdajì, òdo lo máa rí, òótọ́ sì ni òdo yẹn.

Ìbéèrè: Ṣùgbọ́n irú kòkòrò kan ṣoṣo ni. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo gbìn ín lórí agar kí n tó lò ó. Báwo ló ṣe ń ṣe ọ̀tún tó tún ń ṣe òsì?

Ìdáhùn: Ibí ló ti dùn. Ó jọ pé Lactobacillus plantarum lo mú, èyí tí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ sí Lactiplantibacillus lọ́dún 2020. Ó pọ̀ nínú ògì. Pyruvate, ohun tó ń kù tó bá ti fọ́ glucose, ló ń sọ di lactic acid. Ibi tí iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀ lára pyruvate tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo, kò ní ọ̀tún, kò ní òsì. NADH, tó ń gbé háídírójìn kiri nínú kòkòrò, fẹ́ gbé háídírójìn kan lé e. Ẹ́ńsáímù kan, L-lactate dehydrogenase, á di àwo yẹn mú kí háídírójìn lè gba ojú wọlé. Ẹ́ńsáímù kejì, D-lactate dehydrogenase, á da àwo dé, kó lè gba ẹ̀yìn wọlé. Ibi tó gbà wọlé yẹn ló ń sọ ọ́ di L tàbí D, kòkòrò rẹ sì ní ẹ́ńsáímù méjèèjì.

Ìkẹta tún wà: lactate racemase, tó ń mú L tó ti wà nílẹ̀ sọ di D. Ọdún 2014 ni wọ́n tó fi hàn pé kò lè ṣiṣẹ́ láìsí nickel. Kì í ṣe eré ni kòkòrò ń fi D ṣe o, ara ògiri rẹ̀ ló ń fi sí. D-alanine (èròjà ògiri) méjì tó tẹ̀ léra ni vancomycin, oògùn apakòkòrò, ń wá dì mú lórí ògiri bakitéríà. Lára kòkòrò tìrẹ, D-lactate ló bá níbẹ̀, ọwọ́ oògùn náà sì yọ̀.

Ìbéèrè: Ike tó ń jẹrà ni mo fẹ́ fi ṣe. Ṣé àdàlù yìí burú?

Ìdáhùn: Ó burú. Ike L nìkan lè tò gírígírí, bíi 175°C ló tó ń yọ́. Ti ìdajì-ìdajì kì í tò rárá. Bu tíì gbígbóná sínú ife rẹ̀, wàá rí i tó ń tẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n yọ nickel kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Rárá, D-dehydrogenase ṣì wà níbẹ̀. Pààrọ̀ kòkòrò. Bacillus coagulans ni èmi máa mú: L ló ń ṣe, ó sì ń ṣiṣẹ́ ní 50°C, níbi tí ọ̀pọ̀ àwọn àlejò àìpè kò ti lè gbé.

Ìbéèrè: Mo ti pààrọ̀ o. Mo fi calcium carbonate pa kíkan rẹ̀, ó wá ń yí sí òsì! Ṣé D ni?

Ìdáhùn: Ó ti mú èmi náà rí. L lactic acid ń yí sí ọ̀tún, ṣùgbọ́n tó bá ti di calcium lactate, òsì ló ń yí sí, L náà sì ni síbẹ̀. Bí glucose bá tún ṣẹ́ kù nínú omi náà, agbára tirẹ̀ á bo ti lactic acid mọ́lẹ̀. Nítorí náà, fi polarimeter sílẹ̀. Bu díẹ̀ sínú L-lactate dehydrogenase àti NAD, èyí tó ń di NADH tó bá gba háídírójìn, kí o fi ìmọ́lẹ̀ 340 nm ka NADH tó bá jáde. Ẹ́ńsáímù yẹn kì í fọwọ́ kan D. Tún fi ti D ṣe bákan náà, kí o wá fi èsì méjèèjì ránṣẹ́ sí mi.