Bí A Ṣe Ń Yan Kẹ̀kẹ́ Ìránṣọ Àlòkù Tó Dára Láìná Owó Púpọ̀ ní Èkó

Ẹni tó bá lọ ra kẹ̀kẹ́ ìránṣọ àlòkù ní Èkó, yálà ní Tẹ́júoṣó ní Yábàá tàbí ní Ìdúmọ̀tà, ọ̀dà tuntun ni yóò kọ́kọ́ pàdé. Àwọn tó ń tà á mọ̀ pé ojú ni ọ̀pọ̀ oníbàárà fi ń rajà, nítorí náà wọ́n á kun kẹ̀kẹ́ àtijọ́ ní dúdú, wọ́n á lẹ orúkọ aláwọ̀ góòlù mọ́ ọn lára, yóò sì máa dán bí èyí tí kò tíì rán ìdí ṣòkòtò kan rí. Irú rẹ̀ ni mo fi owó ara mi rà lọ́dún tí mo gba fúrídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi ní Mushin. Kò pé ọjọ́ mẹ́ta tó fi bẹ̀rẹ̀ sí í fo ojú rírán, ìyẹn ni pé abẹ́rẹ́ ń gún aṣọ ṣùgbọ́n òwú kò kọ́ ara wọn.

Kí ẹ tó kúrò nílé, ẹ pinnu iṣẹ́ tí kẹ̀kẹ́ náà yóò ṣe. Kẹ̀kẹ́ dúdú onírin tí a ń fi ọwọ́ yí tàbí tí a ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ tó ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, tàbí ẹni tó fẹ́ máa rán ankárá fún àwọn ará àdúgbò. Indọ́sítíríà, ìyẹn kẹ̀kẹ́ ńlá alámọ́tò irú tí ilé iṣẹ́ ń lò, ló yẹ ẹni tó ń gba iṣẹ́ aṣọ ẹbí, ṣùgbọ́n kí onítọ̀hún rántí pé mọ́tò ńlá tó wà lábẹ́ tábìlì rẹ̀ ń fa iná gan-an nígbà tó bá ń gbéra, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí a fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó sàn ju ti aládùúgbò lọ sì lè má lè gbé e. Ní tèmi, bí owó kò bá tó, dúdú onírin ni, torí pé kò béèrè iná, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì pọ̀ lọ́jà.

Ẹ mú àjákù ankárá, àjákù jíìnsì, òwú aláwọ̀ méjì tó yàtọ̀ síra, abẹ́rẹ́ tuntun nọ́ńbà 14 àti 16, àti tọ́ọ̀ṣì dání. Aṣọ tí ẹni tó ń tà á yóò mú jáde láti fi dán an wò fún yín sábà máa ń jẹ́ aṣọ líle tí wọ́n ṣẹ́ po sí méjì, kò sì sí kẹ̀kẹ́ tí kì í rán irú aṣọ bẹ́ẹ̀ dáadáa. Ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ fi tiyín dán an.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ yọ òwú kúrò, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń tẹ aṣọ sókè, kí ẹ sì máa yí wíìlì rẹ̀ bọ̀ sọ́dọ̀ ara yín díẹ̀díẹ̀. Bó bá wúwo láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ òróró ló gbẹ sínú rẹ̀, èyí kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Kódà, ẹ lè fi dúnàádúrà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ojú kan náà ló ti ń há nígbàkúùgbà tí wíìlì bá yí ká, ó lè jẹ́ pé òwú ló lọ́ mọ́ inú rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé irin kan ló tẹ̀. Kí ẹni tó ń tà á tú u lójú yín, bí kò bá sì rí òwú kankan yọ, ẹ kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Lẹ́yìn èyí, ẹ di ọ̀pá tó gbé abẹ́rẹ́ mú, kí ẹ mì ín sọ́tùn-ún àti sósì: kò yẹ kó máa mì jọ̀gẹ̀jọ̀gẹ̀. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ihò tí abẹ́rẹ́ ń gbà wọlé, nítorí bí ẹ bá rí ojú àpá káàkiri etí rẹ̀, abẹ́rẹ́ ti ṣẹ́ níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ yọ ilé bọ́bìnnì, ìyẹn ilé kékeré tí róòlù òwú ìsàlẹ̀ ń wà, kí ẹ fi èékánná ra ṣóńṣó ìkọ́ tó ń mú òwú lábẹ́. Bó bá ti kúnú tàbí tí ara rẹ̀ kò dán, òwú yóò máa já.

Ìgbà yìí ni kí ẹ tó fi òwú sí i, kí àwọ̀ kan wà lókè, kí èkejì wà nínú bọ́bìnnì. Bí ìránṣọ náà bá dára, àwọ̀ ìsàlẹ̀ kò ní yọjú sókè, tòkè náà kò sì ní yọ sísàlẹ̀, torí àárín aṣọ ni méjèèjì ti ń kọ́ ara wọn. Bí òwú òkè bá ń ta kókó sábẹ́ aṣọ, ó dẹ̀ jù ni. Ẹ yí sukurúù tí a fi ń fún un, kí ẹ tún rán an wò. Kẹ̀kẹ́ tó bá gbọ́ràn sí sukurúù yẹn lẹ́nu kò ní wàhálà púpọ̀. Bó bá ń fo ojú rírán, ẹ kọ́kọ́ fi abẹ́rẹ́ tuntun tiyín pààrọ̀ èyí tó wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀bi abẹ́rẹ́ ni nígbà mìíràn. Bó bá ṣì ń fò, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹ rán ankárá onípele mẹ́rin, kí ẹ wo bóyá aṣọ ń lọ fúnra rẹ̀ láìsí pé ẹ ń fà á. Eyín tó ń tì í síwájú yẹ kó mú lábẹ́ ìka.

Ti kẹ̀kẹ́ tọ́kunbọ̀ alámọ́tò kò gba ọ̀rọ̀ púpọ̀: ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Iná ilé ní Japan jẹ́ 100 fólítì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120, tiwa sì jẹ́ 230. Ẹni tó bá ki kẹ̀kẹ́ wọn bọ iná wa láìsí tiransifọ́mà yóò sun mọ́tò náà, iye tiransifọ́mà sì jẹ́ ara iye owó kẹ̀kẹ́.

Ní ti orúkọ, ẹ má jẹ́ kí lẹ́bẹ́ẹ̀lì fi yín ṣeré. Lẹ́tà K tó bá tẹ̀lé nọ́ńbà kẹ̀kẹ́ Singer, bíi 15K tàbí 99K, ń fi hàn pé ilé iṣẹ́ wọn tó wà ní Clydebank ní Scotland ló ṣe é, ilé iṣẹ́ ọ̀hún sì ti kógbá sílé láti 1980. Nítorí náà, ẹni tó bá ní “15K ọdún tó kọjá ni” ń ṣàwàdà.

Ẹ má ná gbogbo owó ọwọ́ yín tán síbẹ̀. Ẹ fi díẹ̀ pa mọ́ fún bẹ́líìtì, ilé bọ́bìnnì tuntun àti ojúlówó òróró kẹ̀kẹ́, nítorí òróró ẹ̀pá tí àwọn kan ń kán sí i máa ń di bí oje igi nínú rẹ̀. Bí ẹ bá gbé e délé, ẹ kán òróró sí gbogbo ojú ihò rẹ̀, ẹ yí i díẹ̀ láìfi òwú sí i, kí ẹ sì gbé e ka àkísà sùn mọ́jú, kí òróró tó bá ṣẹ́kù lè sun jáde kó má baà ba aṣọ oníbàárà àkọ́kọ́ jẹ́.