Irorẹ́ iwájú orí mi nígbà ọyẹ́

Nígbà tí ọyẹ́ mú ní Kubwa, l'Abuja níhìn-ín, mo ń fi àdí àgbọn àti ìpara irun tó ki ra orí lálaalẹ́, irorẹ́ kéékèèké sì bo iwájú orí mi títí dé ẹ̀bá irun, bẹ́ẹ̀ ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi mọ́. Ibi tí ó yọ sí ló tú àṣírí rẹ̀: ọ̀rá náà ń ṣàn wálẹ̀, ó sì ń dí ihò ara. Mo dá a dúró, mo fọ aṣọ ìrọ̀rí, mo sì ń fi benzoyl peroxide 2.5%, oògùn irorẹ́ tí a ń fi pa ara, díẹ̀ pa ibẹ̀. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ 8; sùúrù yẹn ló nira jù.