Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Lọ́wọ́ Àwọn Tó Ń Kó Ìkòkò Òdòdó Àtijọ́ ti Amẹ́ríkà Jọ

Ìdí ìkòkò gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń pàdánù owó. Wọ́n á yí i dé, wọ́n á rí "Roseville" níbẹ̀, ọwọ́ á sì ti dé àpò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kánjú. Ilé iṣẹ́ ìkòkò Roseville ti Ohio ti kógbá sílé láti 1954, ṣùgbọ́n láti ìparí àwọn ọdún 1990 ni wọ́n ti ń kó ayédèrú rẹ̀ wọlé láti Ṣáínà. Púpọ̀ nínú ayédèrú náà kò ní "U.S.A." lábẹ́ orúkọ, tàbí kó wà níbẹ̀ kó má hàn dáadáa. Ìyẹn nìkan kò sì tó ẹ̀rí, torí ojúlówó mìíràn wà tí kò ní in, òmíràn sì wà tó jẹ́ pé bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn, tí bébà ọ̀hún ti bọ́ dànù tipẹ́. Ara ìkòkò ni kí ẹ wò. Lára ojúlówó, àwọ̀ kan máa ń yọ́ wọnú èkejì díẹ̀díẹ̀, ewé àti òdòdó rẹ̀ á sì yọ ketekete. Ti ayédèrú máa ń ki jù, iṣẹ́ ara rẹ̀ á sì rí bàìbàì.

Àmì ilé iṣẹ́ ìkòkò Rookwood ti Cincinnati, èyí tí Maria Longworth Nichols dá sílẹ̀ ní 1880, ń sọ ọjọ́ orí ìkòkò fún ẹni tó bá fara balẹ̀. R tó kẹ̀yìn sí P ni. Láti 1887, wọ́n ń fi ahọ́n iná kan kún un lọ́dọọdún títí ó fi pé 14 ní 1900; lẹ́yìn ìyẹn, nọ́ńbà Róòmù ló wà lábẹ́ rẹ̀, bíi XXI fún 1921. Ohun tí àwọn olùkánjú kì í rí ni X tí wọ́n fi ẹ̀rọ gé sí ìdí ìkòkò lẹ́yìn tó ti jinná. Kì í ṣe ara nọ́ńbà o! Ilé iṣẹ́ fúnra rẹ̀ ló ń fi sọ pé àbùkù wà lára rẹ̀.

Ti ilé iṣẹ́ ìkòkò Van Briggle ní Colorado tún yàtọ̀. Artus Van Briggle kú ní 1904, ṣùgbọ́n wọn ò ṣíwọ́ iṣẹ́ títí di 2012, A méjì tó so pọ̀ náà ni àmì wọn. Ẹni tó bá torí A méjì san owó ìkòkò àtijọ́ lè jẹ́ ìkòkò àná ló gbé lọ sílé.

Ẹ má sì rò pé èyí tó ń dán nìkan ló dára. Àwọ̀ ewé ilé iṣẹ́ Grueby ti Boston kì í dán, ìyẹn gan-an ni wọ́n fi ń wá a kiri. Ẹ má fi òróró tàbí ìpara kankan pa á.

Àtúnṣe tí wọ́n fi pamọ́ tún wà. Ẹ fi ìka tọ etí rẹ̀ yíká. Ibi tí wọ́n ti kùn lẹ́yìn máa ń rọ̀ lọ́wọ́ ju ìyókù lọ. Ẹ fi èékánná ta á: ohùn èyí tó pé á já gaara, ti èyí tó là á kú. Nínú òkùnkùn, tọ́ọ̀ṣì UV, tí ojú lásán kì í rí ìtànṣán rẹ̀, sábà máa ń tú àṣírí ìyókù. Ní ti George Ohr, amọ̀kòkò ará Biloxi ní Mississippi, ó fi ọ̀pọ̀ ìkòkò sílẹ̀ tó ti sun ṣùgbọ́n tí kò fi glaze sí, ìyẹn ìbora bíi gíláàsì tí wọ́n ń sun mọ́ ara ìkòkò. Àwọn kan ti fi glaze tuntun kun irú rẹ̀, kí owó rẹ̀ lè gbéra. Ìkòkò òótọ́, glaze irọ́. Wọ́n ti ba iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ jẹ́, ó sì dùn mí gan-an.

Ìlà wẹ́wẹ́ tó ta bí okùn aláǹtakùn sára glaze kì í ṣe lílà. Glaze nìkan ló mọ, kò dé inú amọ̀. Ohun tó ń ba irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ jẹ́ ni bílíìṣì. Yóò gba ojú ìlà wọlé, yóò gbẹ di iyọ̀, iyọ̀ náà á sì máa ti glaze kúrò lára amọ̀. Omi, ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ti tó. Ẹ̀rọ tó ń fọ abọ́ kò gbọ́dọ̀ rí i. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ glaze àtijọ́, nítorí náà ẹ má fi irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ mu nǹkan. Bí ẹ bá sì fẹ́ fi òdòdó sí i, ẹ ki ife sínú rẹ̀, inú ife náà ni kí omi wà.