Bí a ṣe so ògiri tó ń là ní igun pọ̀

Ilé kan tí a ń tún ṣe ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo, igun ògiri rẹ̀ là láti òkè dé ilẹ̀. Wọ́n ti rẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀, ó tún là. Nígbà tí a tú u wò, búlọ́ọ̀kù ògiri méjèèjì kò wọnú ara wọn, kò sì sí irin kankan láàárín wọn. Búlọ́ọ̀kù lè ru ẹrù dáadáa, àmọ́ bí nǹkan bá fà á, kíá ló ń là. Irin ló ń gba ìfà yẹn.

A fi igi ti òrùlé, a yọ búlọ́ọ̀kù igun náà. A lu ihò sínú kọnkéré ìpìlẹ̀, a fi epoxy (àtè líle tí a ń pò) mú irin 12mm dúró níbẹ̀, a wá to búlọ́ọ̀kù tuntun yí i ká, kí wọ́n máa wọnú ara wọn. Kọnkéré olókùúta wẹ́wẹ́ la dà sínú ihò búlọ́ọ̀kù, a sì ń gún un kí afẹ́fẹ́ má bàa há síbẹ̀.

Níbi tí irin méjì ti pàdé, wọ́n gbọ́dọ̀ gùn lé ara wọn. Ìlọ́po 40 ìbú irin la lò fún gígùn ibi tí wọ́n ti gùn lé ara wọn: 480mm fún irin 12mm. Ẹ jọ̀ọ́, bí bíríkìlà bá ní ẹsẹ̀ bàtà kan ti tó, ẹ má gbà!

Irin bíìmù òkè (kọnkéré onírin tó wà lórí ògiri) náà, ẹ tẹ̀ ẹ́ bí L kó wọ ògiri kejì. Bó bá parí sí igun, ibẹ̀ náà ni ògiri yóò tún ti pín. Ó kéré tán, ọjọ́ 7 ni kí ẹ fi bomi rin kọnkéré náà kí ẹ tó rẹ́ ẹ.